Gọ́ọ̀fù Àdágbá Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Ìrìn ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀fù. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló ní kí n máa rìn láràárọ̀, kí n rìn títí òógùn á fi yọ lára mi. Ó rọrùn fún un láti sọ, torí kò gbé ní Mòwé. Ní Mòwé, bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde ní géètì báyìí, ọ̀kadà á ti máa fọn fèrè sí mi, kẹ̀kẹ́ á wá dúró síwájú mi gbọnyin, ẹni tó ń wà á á ní, "Mọ́mì, ẹ wọlé, ṣé Ìbàfò lẹ̀ ń lọ?" Bí mo bá ní mi ò lọ síbì kankan, pé mo kàn ń rìn ni, wọ́n á wò mí bí ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti tọ́jú. Tó bá wá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ sí Káàmpù fún ìṣọ́ òru, mọ́tò á gba títì, á gba ẹ̀gbẹ́ títì, á sì fẹ́ gba orí ẹsẹ̀ èèyàn. Ibẹ̀ ni dókítà ní kí n ti máa gbatẹ́gùn.

Lẹ́yìn Ìbàfò, nínú ẹ̀sítéètì kan tó jìnnà díẹ̀ sí títì, pápá gọ́ọ̀fù kékeré kan wà, oníhò mẹ́sàn-án. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò náà. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, igi ṣíji bo ilẹ̀, kò sì sí ọ̀kadà kan ṣoṣo. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ kejì mo wọ bàtà ìsáré mi, mo lọ. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ẹni tí kò bá gbá gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ rìn lórí pápá. Mo bi í bóyá bí èèyàn bá tẹ koríko náà, ó máa ń dùn ún. Ó ní òfin ni, mà. Mo ní ó dáa, kí ni èèyàn ń ṣe kó tó di ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù?

Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti di ìyá àgbà. Mo wá igi àlòkù rà, torí igi ni àwa ń pe ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà, kò sí ẹni tó bìkítà pé irin ni. Ọkùnrin kan tó máa ń kọ́ àwọn ẹni tuntun fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di igi mú àti bí wọ́n ṣe ń ka iye ìgbà téèyàn gbá a. Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ sí Àbújá, ó sì lọ.

Ohun tí mi ò retí ni pé màá fẹ́ràn rẹ̀. Mo rò pé màá máa fi igi náà tan ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni, kí n lè rí ibi rìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí igi kọ́kọ́ ba bọ́ọ̀lù dáadáa, tí bọ́ọ̀lù náà gbéra nílẹ̀, tó ń lọ, tó ń lọ, mo dúró síbẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jí kí àláàmù tó dún. Ọkọ mi ti ṣaláìsí, ọmọ mi kan wà ní Ìbàdàn, àwọn tó kù ti ré kọjá òkun. Ilé mi dákẹ́ jù láàárọ̀. Pápá náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tiẹ̀ kò gún mi lára.

Mo máa ń dá gbá a ni. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ máa ń pé, tí wọ́n á pín ara wọn ní mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ihò àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Sátidé mi, ti màmá mi ni, ní Ifọ̀. Àwọn obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ kò pọ̀, Èkó ni gbogbo wọn sì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Torí náà, èmi àti àpò igi mi ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo sábà máa ń rí láàárọ̀ ni bàbá tó ń gé koríko, òun náà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní áńdíkáàpù. Nọ́ńbà ni. Ó ń sọ bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa bá a yọ kúrò nínú iye tó bá gbá, kí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lè bá ọ̀gá díje láìdi ẹni ẹ̀sín. Ní gọ́ọ̀fù, iye kékeré ló dára: ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀nba ìgbà díẹ̀ kó tó wọ ihò ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ áńdíkáàpù á máa kọ iye tó gbá sórí káàdì, á kó káàdì náà fún ìgbìmọ̀, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá ní in kò lè wọ ìdíje kankan.

Mo fẹ́ áńdíkáàpù yìí gan-an, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdíje àwọn àgbàlagbà máa ń wáyé ní pápá wa, àwọn ẹgbẹ́ láti Abẹ́òkúta àti Ṣàgámù á sì wá. Lọ́dún tó ṣáájú, akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ẹ̀rín pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, a fẹ́ fi yín sí i o." Inú mi ti dùn kó tó sọ̀rọ̀ débi tó ń lọ. Ó ní wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn bójú tó oúnjẹ. Mo bá wọn bójú tó o. Mo dúró nídìí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, mò ń bu ìrẹsì fún àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn wọ igbó, mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé èyí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí wọ́n ka orúkọ mi mọ́ ti àwọn tó ń gbá, kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí mo ti ní káàdì tó pọ̀ tó, mo kó wọn fún ìgbìmọ̀. Olórí ìgbìmọ̀ náà ni Alájì kan tó ń ta pákó àti páànù ní Ìbàfò, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo. Ọjọ́ orí wa kò jura lọ, ṣùgbọ́n Métírọ̀n ló ń pè mí nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí mo ṣe fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin la sì máa ń fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́, ó kó àwọn káàdì náà padà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Métírọ̀n, a ti yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n mọ́, ìkọ̀wé yín dára. Ṣùgbọ́n a ò lè kà wọ́n."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ dá gbá gbogbo wọn. Òfin ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá yín gbá a, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú tètè ń bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó. Bí ẹ bá bi Yorùbá pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ ńkọ́, òpùrọ́ lẹ pè é yẹn. Kóòtù àti àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn láyé mi, èmi ni mo kọ wákàtí tí wọ́n wáyé sílẹ̀, ohun tí mo kọ ni wọ́n fi gba ìwé ọjọ́ ìbí, òun ni wọ́n fi wọ ilé ìwé, òun náà ni àwọn mìíràn fi gba físà. Kò sí ẹni tó ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alájì lórí ìdúró, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ṣùgbọ́n mo pariwo díẹ̀.

"Alájì, ṣé ẹ rò pé mi ò ní ẹ̀rí ọkàn ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Métírọ̀n."

"Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi."

Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fọwọ́ sí káàdì."

Mi ò kí i pé ó dàbọ̀. Mo kó káàdì mi, mo lọ.

Ní Sátidé, mo yí ọkọ̀ wọ̀ títí, mo gba Àgbàdo kọjá níbi tí wọ́n ti ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo dé Ifọ̀, ìbínú náà ṣì wà nínú mi. Màmá mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó wo ojú mi, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Màmi, wọn ò fẹ́ fún mi ní áńdíkáàpù."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ní Ifọ̀, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ní: ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Ta ló fẹ́ sọ ọmọ mi di áńdíkáàpù?"

Mo ní kò sí ẹnì kankan, Màmi, èmi gan-an ni mò ń béèrè fún un, àwọn ni wọ́n kọ̀ tí wọn ò fún mi. Àlàyé yìí ló wá ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ lò ń tọrọ rẹ̀? Lọ́wọ́ Alájì? Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ yìí?" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Mo fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ṣàlàyé gọ́ọ̀fù, ó ń mi orí fún mi bí wọ́n ṣe ń mi orí fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Mi ò tíì dé Mòwé padà tí ìyá ìjọ wọn fi pè mí. Ó ní wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ mi síwájú Olúwa, pé mi ò ní gba áńdíkáàpù láéláé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá àdúrà náà dúró, torí ó jọ pé ó ti ń gbà.

Mo wá pinnu pé màá bá ìgbìmọ̀ jà níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ níparí oṣù, mo sì ní kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ mi sí i: ṣé kí gọ́ọ̀fù àdágbá máa wọ ìṣirò áńdíkáàpù tàbí kó má wọ̀ ọ́. Mo wá àwọn tó máa tì mí lẹ́yìn. Pásítọ̀ kan wà tó máa ń dá gbá a ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday, ó ní òun wà pẹ̀lú mi. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, tó máa ń gbá ihò mélòó kan kó tó sáré lọ sí Èkó, ní òun náà wà pẹ̀lú mi, bí ìpàdé náà ò bá ti ní pẹ́. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí màá sọ níwájú dígí. Ó dùn, kí n má parọ́.

Alájì gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Wednesday kan, mo dé pápá, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àkọ́kọ́, àpò igi rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Métírọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá a lónìí."

"Ṣé ẹ wá ṣọ́ mi ni?"

"Mo wá gbá gọ́ọ̀fù ni." Ó ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbi tí mo lè jókòó sí, ṣùgbọ́n mi ò jókòó. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tó bí yín nínú yẹn, mo ti rò ó. Nígbà tí a fẹ́ so yìgì ọmọ mi obìnrin, ẹlẹ́rìí la kọ́kọ́ wá. Ààfáà ò sọ nǹkan kan títí àwọn ẹlẹ́rìí fi jókòó. Ṣé torí pé ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń parọ́ ni? Kí ohun rere náà má kàn ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì tún bí mi nínú. Mo ní kó gbé àpò rẹ̀ kó dìde.

Alájì kì í sọ̀rọ̀ lórí pápá. Bí ẹ bá gbá a dáadáa, kò ní sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá gbá a wọ igbó, kò ní sọ nǹkan kan. Ó kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi imú kọrin jẹ́jẹ́. Ẹyẹ àti bàbá tó ń gé koríko nìkan ló ti mọ́ mi lára, kò rọrùn fún mi kí ẹlòmíì máa wò mí. Mo gbá bọ́ọ̀lù kan sí ẹ̀yìn igi máńgòrò, mo gbá òmíràn sínú yanrìn. Nígbà tí a parí ihò àkọ́kọ́, ó yọ bírò, ó bi mí pé mélòó.

"Mẹ́wàá," ni mo wí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ó wò mí. "Méje ni mo kà."

"Mẹ́wàá ni, Alájì."

"Méje ni."

Mo rò pé ó ń ṣàánú mi ni. Mo ní tó bá jẹ́ àánú ló mú un wá, kó yáa padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó ń lọ síwájú. A gbá ihò kejì. Mo ní mẹ́sàn-án, ó ní mẹ́fà. Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán. Bàbá tó ń gé koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀ láti gbọ́ mi dáadáa. Mo ní, "Alájì, mo mọ̀ ọ́n kà. Mo ti fi etí ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú ikùn ìyá rẹ̀, mi ò ṣì í kà. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka páànù lẹ fẹ́ wá kọ́ mi?" Títí di òní, mi ò tíì rí ẹlòmíì tó bá èèyàn jà nítorí pé wọ́n fún un ní máàkì tó dára ju èyí tó béèrè lọ.

Ó ní, "Ó dáa. Ní ihò tó kàn yìí, ẹ kà á sókè kí n gbọ́."

Mo gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Mo dúró dáadáa. Mo fì igi náà lẹ́ẹ̀kan lórí koríko, bí mo ṣe máa ń ṣe kí ìbàdí mi lè jí. Mo ní, "Ení."

"Ení kí ni?" ni Alájì wí. "Ẹ ò tíì gbá nǹkan kan."

"Mo ti fì í."

"Ẹ fì í sínú afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti dé."

"Fífì ni fífì. Gbogbo ìgbà téèyàn bá ti fì í, ó gbọ́dọ̀ kà á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ẹni tó kọ́ mi ló sọ ọ́, kó tó lọ sí Àbújá. Mo lè gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí: "Mà, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fì í, ẹ kà á." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé bí mo bá fì í sí bọ́ọ̀lù tí kò bà á, kí n má ṣe díbọ́n pé kò ṣẹlẹ̀, kí n kà á. Ṣùgbọ́n fì náà ni fì. Igi tí mo fì sí bọ́ọ̀lù, mo fì í. Èyí tí mo fì lásán kí ara mi lè gbóná, mo fì í. Èmi tí wọ́n ti fi òfin wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kọ́ láti kékeré, mo ka gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dá gbá a, kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó lè bi mí pé ení kí ni.

Alájì kọ́kọ́ ń wò mí. Nígbà tó wá yé e tán, ó jókòó sórí koríko, agbádá kò sí lọ́rùn rẹ̀ àmọ́ ó jókòó bí ẹni tó wọ agbádá, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. "Métírọ̀n, gbogbo àwọn káàdì yẹn?"

"Gbogbo wọn."

"Àṣé ká ní a gbà wọ́n ni. Nọ́ńbà ńlá là bá fún yín. Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn tó bá bá yín gbá á kà á bó ṣe yẹ, ẹ̀yin lẹ máa gbégbá orókè, wọ́n á sì ní ẹ mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀ lẹ fi pa á mọ́. Wọ́n á ní olè ni yín." Ó nu ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń dá gbá a, ara yín lẹ ń rẹ́ jẹ."

Ìyẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ń bá gbogbo ayé jà pé mi ò lè rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó bá dá wà lè rẹ́ ara rẹ̀ jẹ láìmọ̀. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nípa àwa tí a ń dá gbá a ni pé a máa dín in kù. Èmi ń fi kún un ni, mo ń fi kún un láràárọ̀, mo sì ń gbé e lọ sílé, mò ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n, àgbà ti dé, kí n máa rọra. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtìjú náà, inú mi ń dùn, torí méje kì í ṣe mẹ́wàá. Mo jókòó ti Alájì lórí koríko, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ń gé koríko tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Ní ìpàdé gbogbogbòò, nígbà tó kan ọ̀rọ̀ mi, Pásítọ̀ ti sún síwájú lórí àga, ọkùnrin báńkì ti ń wo aago. Mo dìde, mo ní mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mi ò yọ fífì kan sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Pásítọ̀ wò mí bí ọmọ ogun tó sá fi í sílẹ̀. Mo wá ní kí gọ́ọ̀fù àdágbá má wọ ìṣirò, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo fẹ́. Èkíní, kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ẹlẹ́rìí ńkọ́. Kí wọ́n bi í pé ta ni alábàágbá rẹ̀. Èkejì, bí èèyàn bá fẹ́ gbá a láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kó lè pe ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí, kí ẹni tí wọ́n pè má sì ṣe sọ pé ọwọ́ òun dí tí kò bá dí. Wọ́n gbà. Kí ìpàdé tó tú, Pásítọ̀ àti ọkùnrin báńkì ti ń bá ara wọn dá ọjọ́, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́ tí wọn ò mọ orúkọ ara wọn.

Mo ṣì máa ń dá gbá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní í fi í sílẹ̀. Èyí tí mo bá dá gbá, mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Àwọn tó kù, Alájì bá mi gbá díẹ̀, àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ bá mi gbá díẹ̀, ìgbìmọ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà tèmi. Mo ròyìn fún màmá mi ní Ifọ̀ pé wọ́n ti fún mi ní nọ́ńbà. Mi ò sọ orúkọ tí wọ́n ń pe nọ́ńbà náà. Ó ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n ka orúkọ mi mọ́ ti àwọn tó ń gbá. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdí kúlà fún ẹlòmíì. Wọ́n pín mi mọ́ ọkùnrin méjì láti Ṣàgámù àti obìnrin kan láti Abẹ́òkúta, àgbàlagbà bíi tèmi, tó dé fìlà pupa kan nítorí oòrùn. Mo gbá àwọn kan dáadáa, mo gbá àwọn kan bí ẹni tó ń pa ejò. Mi ò gba ipò kankan. Ṣùgbọ́n ní ihò ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù mi jìnnà sí ihò lórí koríko kúkúrú tó yí i ká, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀. Mo rọra tì í. Ó ń yí lọ, ó ṣẹ́rí díẹ̀ sápá ọ̀tún, mo rò pé ó ti kọjá, ó sì wọlé.

Obìnrin Abẹ́òkúta náà ní, "Ẹ káre."

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu iṣẹ́ mi ju bí mo ṣe dárúkọ ara mi lọ. Obìnrin á ti rọbí, á ti laágùn, á ti bú ọkọ rẹ̀, á ti ní òun kò ṣe mọ́, ọmọ á bọ́ sí mi lọ́wọ́, màá ní, "O káre." Wọ́n á gbójú sókè wò mí bí ẹni pé wọn ò mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan, gbogbo wọn á sì fún mi ní èsì kan náà. Kò sí obìnrin tí mo gbẹ̀bí fún tí mi ò sọ ọ́ fún. Èmi fúnra mi, mo ti gbá bọ́ọ̀lù tó dára ju èyí lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ mú un jáde, mo bá tèmi lọ. Èèyàn kò lè sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹlòmíì jáde.

Omi kún ojú mi. Èsì kan ṣoṣo tí mo mọ̀, ti àwọn obìnrin yẹn, ló jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àdìrẹ lòun ń tà, pé kí n jọ̀ọ́ yọ bọ́ọ̀lù mi kúrò nínú ihò kí òun náà lè gbá tòun.